Ẹjọ́ Ẹlẹ́jọ́ ní Ilé Àna Mi

Láti ìgbà tí mo ti dé ni àwọn ará Arákálẹ̀, àdúgbò wa ní Àkúrẹ́, ti ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ajá ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ní Amẹ́ríkà. Lóòótọ́ ni, mo fojú mi rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajá ni mo jókòó láti kọ. Mo lọ wo ilé tí ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo fẹ́ lọ́kọ sí, díẹ̀ ló sì kù kí n ní kò ní fẹ́ ẹ mọ́, nítorí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ.

Kí n sọ ara mi fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí. Ìlú Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, Àkúrẹ́ ni mo lọ́kọ sí, ọkọ mi ti di olóògbé. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tí mo kọ́ níwèé mọ̀ pé bí mo bá rí ohun tó wọ́, ara mi kì í balẹ̀ títí yóò fi tọ́. Ìwà yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo fẹ́ sọ yìí.

Dídé

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Kì í ṣe irú ti ọyẹ́ tí à ń sá fún níbí o. Tiwọn ń wọ etí, ó ń wọ eyín. Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú kékeré kan ní Òháyò, ti dúró dè mí ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù tó nípọn bí tìmùtìmù. Dáníẹ̀lì, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òyìnbó gíga kan báyìí tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa. Kí n tó la ẹnu, ọmọkùnrin náà ti nà gbalaja sílẹ̀ láàárín èrò.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ló kọ́ ọ. Inú mi dùn, àmọ́ àwọn ará ibẹ̀ ò mọ̀ pé ó ń kí mi ni. Obìnrin kan sáré gbé omi wá, ó ń béèrè bóyá ó ní wárápá. Ọlọ́pàá kan kúnlẹ̀ tì í, ó ń fọwọ́ wá ọrùn rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Mo ní kò sí ohun tó ṣe é, àna mi ni, ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ń kí. Ọlọ́pàá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní òun ò kí ìyá ìyàwó òun báyìí rí. Mo ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Wọ́n lọ́yàyà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹni tí o kò mọ̀ rí á rẹ́rìn-ín sí ọ lójú ọ̀nà, á bi ọ́ bóo ṣe wà. Ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́ èsì. Mo dúró ń ṣàlàyé fún ọkùnrin kan bí ẹ̀yìn ṣe ń dùn mí látinú ọkọ̀ òfurufú, nígbà tí mo máa gbójú sókè, ó ti rìn jìnnà.

Ilé wọn ò ní ọgbà. Koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ ló wà láti ilé dé ilé. Àwọn kan wá ri pátákó kékeré mọ́ iwájú ilé wọn, òmíràn búlúù, òmíràn pupa. Mo rò pé irú èyí tí à ń kọ sára ògiri níbí ni, pé ilé yìí kì í ṣe títà. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìjà ilẹ̀ mà pọ̀ níbí o.

Iyán tí kì í ṣe iyán

Àwọn òbí Dáníẹ̀lì pè wá wá jẹun. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, àgbàdo ló ń gbìn, ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ tiwa. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ mi bí ẹni pé a ti jọ gbé rí. Mo fẹ́ràn wọn lójú ẹsẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí ohun tó tẹ̀lé e dùn mí.

Wọ́n se tòlótòló, wọ́n gún ọ̀dùnkún òyìnbó tì í. Nígbà tí mo rí funfun rẹ̀ nínú abọ́, ọkàn mi fò sókè, mo rò pé Mọ́rẹ́nikẹ́ ti sọ fún wọn pé iyán ni oúnjẹ mi. Mo gbé e sẹ́nu, mílíìkì àti bọ́tà ni mo bá pàdé. Ata ò sí níbẹ̀, iyọ̀ gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Mo jẹ ẹ́ tán, torí wọ́n tọ́ mi dáadáa nílé, mo sì ní kí wọ́n tún bù sí i, èyí tí mo kábàámọ̀.

Àwòrán kan wà lára ògiri, ọ̀dọ́kùnrin méjì gbé ẹja ńlá kan dání, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ Bàbá Dáníẹ̀lì nínú rẹ̀. Mo béèrè ẹnì kejì.

"Kẹ́nì ni, àbúrò mi," ni Bàbá Dáníẹ̀lì wí. Ó fi fọ́ọ̀kì nàka gba ojú fèrèsé. "Ilé rẹ̀ ló wà ní òdìkejì oko yẹn."

"Ṣé kò sí nílé ni, tí kò fi bá wa jẹun?"

"Ó wà nílé."

Ìyá Dáníẹ̀lì bá dìde lọ gbé kéèkì wá, bẹ́ẹ̀ a ò tíì jẹun tán.

Inú ọkọ̀ ni Mọ́rẹ́nikẹ́ ti wá jẹ́wọ́ fún mi. "Mọ́mì, ẹ má bínú pé mi ò tíì sọ. Àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Súpírímù Kọ́ọ̀tù ló dá ìjà sílẹ̀. Bọ̀dá Kẹ́nì ní òun ò ní dé ibi ìgbéyàwó tí ẹ̀gbọ́n òun bá wà."

Mi ò bi í ní nǹkan kan mọ́. Mo rò pé mo ti gbọ́ tán.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí. Bàbá bàbá mi ní ìyàwó méjì ní Oǹdó, ilé méjì ló sì ti ara wọn jáde. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kòkó kan. Ilé tiwa pe ilé kejì lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà gbéra ní Oǹdó, ó gba Àkúrẹ́ kọjá, ó ń gòkè lọ títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Àwọn tó pè é ti kú kí ìdájọ́ tó dé. Ilé kejì ló jàre.

Ojúde kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa sí tiwọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, a kì í lọ síbi òkú wọn, wọn kì í wá síbi ìyàwó wa. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, apá òsì la máa ń jókòó sí, apá ọ̀tún ni tiwọn. Bí àlùfáà bá ní ká bọ ara wa lọ́wọ́ fún àlàáfíà, ọwọ́ wa kì í gùn tó ọ̀dọ̀ wọn. Báyìí ni mo ṣe dàgbà. Mo ní àwọn mọ̀lẹ́bí tí mo mọ ẹ̀yìn orí wọn ju ojú wọn lọ.

Ó wá yé yín. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé Súpírímù Kọ́ọ̀tù da àárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò rú, tí oko sì wà láàárín ilé wọn, kí ni mo tún fẹ́ béèrè? Mo gbà pé wọ́n ti gbé ara wọn lọ síbẹ̀ ni, lórí oko àgbàdo yẹn. Mo ń ro àwọn ọmọ tí Mọ́rẹ́nikẹ́ yóò bí, pé àwọn náà yóò máa wo ẹ̀yìn orí ìbátan wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní òwúrọ̀, mo sọ fún un pé mi ò lè fi í fún ilé tó ń bá ara wọn ṣẹjọ́. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé torí pé òyìnbó ni?"

"Mi ò rí àléébù kan lára ọmọ yẹn. Ilé rẹ̀ ni mò ń wí."

"Kí ló wá kàn wá nínú ọ̀rọ̀ adájọ́?"

"Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ ti fẹ́ ẹjọ́ rẹ̀ mọ́ ọn."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó jáde láì dágbére, ohun tí kò ṣe sí mi rí láyé. Ó dùn mí wọra. Mo ní, ó dára, bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ ẹni tó fi ọwọ́ líle mú un.

Ìgò ẹ̀pà

Mo ní kí Dáníẹ̀lì gbé mi lọ kí ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo kí i tán, mo ní mo fẹ́ na ẹsẹ̀. Mo bá gba àárín oko náà, wọ́n ti kórè àgbàdo kúrò níbẹ̀, pòròpórò ló kù. Mo mú ìgò ẹ̀pà sísun kan dání, ọ̀kan nínú èyí tí mo rà lọ́wọ́ àwọn ará Ìlú-Àbọ̀ nítòsí Àkúrẹ́, torí ọwọ́ òfo kì í bẹ àgbà. Mo ń wo ilẹ̀ náà bí mo ṣe ń lọ. Ilẹ̀ dára. Mo ní abájọ.

Mo kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan yọjú lójú fèrèsé, ó rí gèlè mi, ó ní òun ti ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ò fẹ́ ìwé ìròyìn. Ó rò pé ajíhìnrere ni mí. Mo ní èmi náà ti ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ańgílíkà ni mí, èmi ni ìyá ìyàwó tí Dáníẹ̀lì fẹ́ fẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn kíá. Ó ní níbí, èèyàn máa ń pè lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kó tó wá. Mo ní níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá pè kó tó wá ti ń rò pé wọn ò ní gba òun.

Òun ni ẹnì kejì nínú àwòrán yẹn. Ó ti sanra, orúnkún rẹ̀ kan ò dára, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó fún mi ní kọfí, ó ṣí ẹ̀pà, ó jẹ ẹ́, ó sì fa ìgò náà mọ́ra. Mo kúnlẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì rẹ̀. Ó fò dìde tòun ti orúnkún dídùn.

"Mo wá bẹ yín," ni mo wí. "Ilẹ̀ náà, ta ni wọ́n dá a láre fún?"

"Ilẹ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín gbé lọ sí Súpírímù Kọ́ọ̀tù."

Ó wò mí títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀, ó gòkè, ó di ikọ́, mo ní láti lu ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní òun ò dé ilé ẹjọ́ kankan rí láyé òun, àfi ìgbà tí òun sáré jù lójú títì. Ó ní bàbá àwọn ti pín ilẹ̀ kó tó kú, kò sẹ́ni tó janpata.

"Kí wá ni Súpírímù Kọ́ọ̀tù fi yín ṣe?"

Ó ní ìdájọ́ kan ló jáde. Ó bọ́ sí ọjọ́ tí gbogbo ilé péjọ láti jẹun. Ẹ̀gbọ́n òun ń yọ̀, ó ní àwọn adájọ́ ti gba orílẹ̀-èdè là. Òun ní wọ́n ti tà á. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tó bá bú àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn kò fẹ́ràn ìlú rẹ̀. Òun bá dìde nídìí oúnjẹ, òun ò sì padà síbẹ̀ mọ́.

"Ṣé ìdájọ́ náà gba nǹkan lọ́wọ́ yín?"

"Rárá."

"Ṣé ó fún ẹ̀gbọ́n yín ní nǹkan?"

"Kò fún un ní nǹkan kan. Ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ni inú wọn dùn."

"Ṣé bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ látẹ̀yìn wá náà nìyí?"

Ó họ irùngbọ̀n. Ó ní kó tó di ìgbà yẹn, ìgbà kan wà tí ilé ẹjọ́ kan náà dá ẹjọ́ tó tẹ́ ẹgbẹ́ tòun lọ́rùn. Òun ló sọ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ adájọ́ labẹ gé. Ẹ̀gbọ́n òun ló ní kí wọ́n lé gbogbo wọn lọ sílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jókòó pẹ̀lẹ́ sílẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì náà, mo ní Olúwa ṣeun. Ara mi tù mí. Ilẹ̀ ò sí níbẹ̀, ẹni tó jàre tó sì gbé nǹkan lọ ò sí níbẹ̀. Ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà. Àwọn pátákó búlúù àti pupa yẹn náà, ti ẹgbẹ́ òṣèlú ni, kì í ṣe ti ìjà ilẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré lójú àwọn, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ yẹn ń kan ayé èèyàn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní tiwa náà ń kan ayé èèyàn. Mo sọ fún un pé bí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ bá dá ẹjọ́ ìbò nílé wa, àwọn tó wọlé á ní Ọlọ́run ló ń gba ẹnu adájọ́ sọ̀rọ̀, àwọn tó fìdí rẹmi á ní adájọ́ ti jẹun. Bó bá di ìdìbò míì, wọn á pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn. Mo ní nínú takisí akérò ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, mo ti gbọ́ tí èèyàn méjì ń fi ẹnu fa ara wọn ya lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí takisí bá ti dúró, oníkálukú á sọ̀ kalẹ̀, á fi ìjà náà sílẹ̀ fún dírẹ́bà. "Ẹ̀yin gbé tiyín wọlé, ẹ gbé e sórí tábìlì oúnjẹ."

Ó jẹ ẹ̀pà díẹ̀ sí i. Mo wá là á mọ́lẹ̀ fún un. Mo ní nílé wa, ọkùnrin kan kì í dá tọrọ ìyàwó. Ìdílé rẹ̀ ló ń wá, wọn á jọ dọ̀bálẹ̀. Bí arákùnrin bàbá ọkọ ò bá sí níbẹ̀, a máa béèrè bóyá ó ti kú ni tàbí ìjà ni. Bó bá jẹ́ ìjà, ìyàwó ò ní jáde láti yàrá.

"Èmi náà á dọ̀bálẹ̀? Pẹ̀lú orúnkún yìí?"

"Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín."

Ó fọwọ́ pa orúnkún náà. Lẹ́yìn náà ló bi mí ibi tí mo ti rí àwọn tó fi ilé ẹjọ́ ba ìdílé jẹ́ tí mo fi ń bẹ̀rù tó báyìí. Mo sọ ti Oǹdó fún un, láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ilé kejì yẹn," ló wí, "ṣé àwọn náà máa wá síbi ìgbéyàwó ọmọ yín?"

Mo wo ìgò. Mo ní ẹ̀pà yẹn mà ti ń tán o.

Wọ́n dọ̀bálẹ̀

Pálọ̀ Bàbá Dáníẹ̀lì la ti ṣe ìtọrọ náà, a pa ti àsè ńlá tì di ìgbà tí wọ́n bá wá sí Nàìjíríà. Mọ́rẹ́nikẹ́ ti bá mi dọ́rẹ̀ẹ́ padà. Nígbà tí mo sọ àṣìṣe mi fún un, ó fi ìrọ̀rí bojú rẹ́rìn-ín. Ó wà ní yàrá, ó ń yọjú. Ìyá Dáníẹ̀lì kò lè jókòó, ó ń to àga tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Kẹ́nì dé. Ó gba àárín oko wá, pòròpórò lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde. Wọn ò kí ara wọn. Mo ní kò burú, iṣẹ́ là ń ṣe, ẹ tò síbí. Dáníẹ̀lì wà láàárín, bàbá rẹ̀ lọ́tùn-ún, Kẹ́nì lósì. Mo ní ó yá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílẹ̀, àwo kékeré kan já bọ́ láti orí tábìlì, ó fọ́. Mo súre fún wọn dáadáa, n kò kánjú, torí mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Wọ́n ń ṣe "ámẹ̀n, ámẹ̀n" láti ilẹ̀.

Mo ní kí wọ́n dìde. Dáníẹ̀lì dìde, bàbá rẹ̀ dìde. Kẹ́nì gbìyànjú, orúnkún kọ̀. Ó tún gbìyànjú. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń wo ẹsẹ̀ tábìlì. Dáníẹ̀lì fẹ́ ràn án lọ́wọ́, mo fi ojú sọ fún un pé kó dúró.

Bàbá Dáníẹ̀lì na ọwọ́ sí i. Kẹ́nì wo ọwọ́ náà, ó dì í mú. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń fà á sókè ló ń sọ pé oúnjẹ ló ń jẹ jù, láti kékeré ló ti ń jẹ jù. Kẹ́nì ní ẹ̀gbọ́n ló máa ń jí ti òun jẹ. Ìyá Dáníẹ̀lì gba ilé ìdáná lọ, mo gbọ́ ọ tó ń fọn imú. Mọ́rẹ́nikẹ́ jáde láì dúró kí n pè é. Mo dúró síbẹ̀, mo ń dúpẹ́ nínú mi.

Ẹ má rò pé wọ́n gbà fún ara wọn o. Kéèkì ò tíì délẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tọ̀hún ní adájọ́ gidi ni, tìhín ní gidi kọ́. Mo fi ṣíbí lu ife. Mo ní, "Takisí ti dúró." Kẹ́nì rẹ́rìn-ín, ó túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní títí di òní, ohun tí wọ́n ń sọ nílé náà nìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ gbóná.

Ilé

Nígbà tí ooru wa bò mí, mo mí kanlẹ̀. Aládùúgbò mi kan, ọmọ Àkúrẹ́, ń kí mi káàbọ̀ sí ulé, bí wọ́n ṣe ń pe ilé, láti òkèèrè, ó bi mí nípa ara, nípa ọmọ, nípa ẹ̀yìn tó ń dùn mí, ó sì dúró gbọ́ gbogbo èsì. Mo jẹ iyán tí ọ̀dùnkún ò sí nínú rẹ̀. Mo sùn bí òkúta.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè Kẹ́nì bá mi wálé. Lẹ́yìn ẹbí ọkọ mi ní Àkúrẹ́, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún ìdílé tèmi náà, ìdílé mi wo? Àgbà tó kù nínú gbogbo ọmọkùnrin bàbá bàbá mi, òun ló yẹ kó gba ìdọ̀bálẹ̀ náà, kó sì sọ pé a fi ọmọ wa fún yín. Ilé tó jàre ló wà. Bàbá Akíntádé ni orúkọ rẹ̀.

Mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé wa, mo wo ojúde náà. Mo gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga onírọ̀rí. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ orúkọ bàbá mi fún un.

"Kò tíì sí ará ilé yín tó wọ ibí láti ìgbà tí ìdájọ́ ti dé."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá. Ọmọ mi fẹ́ lọ́kọ. Àwọn òyìnbó ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀. Ẹ̀yin ni àgbà wa."

Ó ń fi ọwọ́ pa apá àga. "A jàre ilẹ̀ náà," ló wí. "Àwọn ọmọ mi wà ní Èkó, wọn ò fẹ́ ẹ. Igbó ti bo kòkó ọ̀hún." Ó wò mí dáadáa, bóyá òun náà ń wo ojú tó mọ ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan. "Àwọn òyìnbó yẹn, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n lọ sílẹ̀, bàbá. Dídìde ni kò rọrùn fún ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà á sókè."

Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ kò pé mọ́. Ó na ọwọ́ sí mi. "Orúnkún tèmi náà ò gbọ́ràn mọ́. Fà mí sókè, ká lọ wo ibi tí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ sí."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ mi ò kan ọwọ́ ará ilé náà rí láyé mi. Mo fà á, ó dìde.